Eré Ìje Ìdènà Lóru: Ìbéèrè Àwọn Tó Fẹ́ Sá A Nígbà Àkọ́kọ́

Láti ìgbà tí mo ti sá eré ìje ìdènà òru mi àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí òde tí mo lọ ní London tí ẹnì kan kì í fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bi mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn kan rò pé ikú ni mo ń wá kiri. Àwọn mìíràn ti sanwó, ẹ̀rù ló wá ń bà wọ́n. Àwọn tó ti sanwó yìí ni mo kọ èyí fún. Mo kó ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jọ, mo sì dá wọn lóhùn bí mo ṣe máa dá ọmọ ìyá mi lóhùn.

Kí ni eré yìí gan-an?

Eré sísá ni, àmọ́ ìdènà ló kún ojú ọ̀nà: ògiri tí wọ́n ń gùn, kòtò ẹrẹ̀, adágún omi, àwọ̀n okùn, irin tí wọ́n ń fọwọ́ dìrọ̀ mọ́ kọjá lórí omi, wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń rá kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́ jù lọ ti bẹ̀rẹ̀. Billy Wilson, tí wọ́n ń pè ní Mr Mouse, ló dá Tough Guy sílẹ̀ ní 1987 nínú oko rẹ̀ ní Perton, lẹ́bàá Wolverhampton, àárín òtútù oṣù kìíní ni wọ́n sì máa ń sá a nígbà náà. Tough Mudder bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2010. Ní 2011 wọ́n gbé World's Toughest Mudder jáde, èyí tí wọ́n ń fi wákàtí 24 sá. Nígbà tó di 2017, wọ́n mú ti òru wá: aago méjìlá òru ni wọ́n ń tú èèyàn sílẹ̀ nígbà náà, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń fòpin sí i.

Kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń borí. Ojú ọ̀nà kan náà, tó tó máìlì 5, ìyẹn kìlómítà 8, lẹ ó máa yí po títí àsìkò á fi tán. Ẹni tó bá yí i po jù ló gbégbá orókè. Amelia Boone, amòfin kan ní Amẹ́ríkà, ló borí láàárín àwọn obìnrin ní World's Toughest Mudder ti 2012, 2014 àti 2015. Ní 2012 yẹn, ó sá máìlì 90. Junyong Pak nìkan ló ṣíwájú rẹ̀ nínú gbogbo wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn obìnrin tó bá ní eré ọkùnrin ni.

Mi ò sá irú rẹ̀ rí lójú ọ̀sán. Ṣé mo lè fi ti òru bẹ̀rẹ̀?

Ẹ lè ṣe é, àmọ́ n kò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sá ọ̀kan lójú mọmọ, kódà kó jẹ́ máìlì 3 péré. Ẹ ó mọ bí bàtà ṣe ń wúwo tí ẹrẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, ẹ ó mọ bí ọwọ́ yín ṣe ń di okùn mú. Ohun tí ojú bá ti rí lọ́sàn-án, ọwọ́ á rántí ẹ̀ lóru.

Kí ló máa ń lé àwọn èèyàn kúrò lójú ọ̀nà jù? Ṣé ìdènà ni?

Ìdènà kọ́. Òtútù ni. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù tí mo kọ, ẹ má gbàgbé èyí. Ògiri ga lóòótọ́, irin ń yọ̀, àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná á rí ọgbọ́n kan dá sí i. Ẹni tí òtútù bá ti wọ̀ ní egungun kò ní ọgbọ́n kankan mọ́.

Omi ló fà á. Ó máa ń fa ooru kúrò lára wa ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ. Lójú ọ̀sán, bí ẹ bá jáde nínú kòtò, oòrùn á yá yín díẹ̀ kí ẹ tó kan omi mìíràn. Lóru, afẹ́fẹ́ ni yóò pàdé yín létí omi. Ẹ ó wá dúró lórí ìlà níwájú ìdènà tó kàn, nítorí èèyàn mẹ́wàá ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Ìdúró yẹn ló burú jù. Ẹ má dúró lásán: ẹ máa fò sókè, ẹ máa ju apá, ẹ máa tẹ̀, ẹ máa dìde. Ẹ tún rántí pé ara ọmọ èèyàn fúnra rẹ̀ máa ń tutù jù láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún ìdájí, bó tilẹ̀ jẹ́ orí ibùsùn ló wà. Ìgbà tí ó rẹ̀ yín jù, tí oúnjẹ ti dà nínú yín tán, ìgbà náà gan-an ni ara ń dín ooru tirẹ̀ kù.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìyípo kẹta ni, nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀. Mo jáde nínú adágún kan, mo fẹ́ fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì mi sókè. Mo fi ìka méjì mú un, ó bọ́. Mo fi gbogbo ọwọ́ mú un, ó bọ́. Mo tẹ orí ba kí iná orí mi lè tàn sí i. Ṣóńṣó ìka mi ti rí bí eérú, wọ́n le gbagidi bí igi ìdáná. Mò ń fojú rí i pé wọ́n kan síìpù náà, àmọ́ mi ò mọ̀ ọ́n lára. Mo fi jákẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo ń rìn lọ. Nígbà tí mo dé ibùdó, níbi tí olùrànlọ́wọ́ ti ń dúró de èèyàn lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan, àbúrò mi tó wá ràn mí lọ́wọ́ bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìyípo mélòó lẹ ti lọ?" Mo mọ̀ pé mẹ́ta ni. "Mẹ" nìkan ló jáde, ahọ́n mi wúwo bí ti ẹni tó mu ẹmu yó. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn mọ́. Ó bọ́ aṣọ tútù kúrò lọ́rùn mi, ó fi kúbùsù wé mi, ó gbé ife ògì gbígbóná sí mi lẹ́nu bí ìgbà tí wọ́n ń fún ọmọ jẹun, ó sì ní bí n kò bá dárúkọ gbogbo ọmọ ìyá wa láìkólòlò, n kò ní padà sójú ọ̀nà. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo lò níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: gbígbọ̀n kò burú, ara ló ń wá ooru. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni kí gbígbọ̀n dáwọ́ dúró nígbà tí òtútù ṣì wà lára. Bí ọ̀rọ̀ bá ń wọ́ lẹ́nu yín, tí ẹ ń kọsẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí inú ń bí yín sí ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, eré ti parí fún yín nìyẹn, àfi bí ara bá tún padà gbóná.

Kí ni kí n wọ̀?

Aṣọ òwú, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Bó bá ti rin gbingbin, kò ní gbẹ mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Aṣọ eré tó fún mọ́ ara, tí omi kì í dúró nínú rẹ̀, ni kó kan ara yín. Lórí rẹ̀, wetsuit, aṣọ rọ́bà àwọn òmùwẹ̀. Ní òru ìgbà ooru ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó nípọn tó mílímítà 3 ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bó bá jẹ́ oṣù kọkànlá, ẹ wá ti mílímítà 5.

Ìgbà tí ẹ máa wọ̀ ọ́ ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ rà á lọ. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ láti ìlà ìbẹ̀rẹ̀ á làágùn títí òùngbẹ á fi pa á. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí òtútù ti mú un tán, ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè fà á sókè mọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ nígbà tí ara yín ṣì ń gbóná tí ẹ sì ń wò ó pé bóyá ni ẹ nílò rẹ̀. Èmi ti fi ìyípo kejì sí i báyìí. Ẹ fi jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ lé e lórí.

Bàtà tó ní eyín nísàlẹ̀ tó sì ń jẹ́ kí omi jáde ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ pa Vaseline sí abẹ́ apá, itan, ọrùn àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ìbọ̀sẹ̀, ẹ mú mẹ́rin. Ìbọ̀wọ́, ẹ mú méjì.

Irun mi ńkọ́? Mo di braids.

Inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá bi mí léyìí, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Irun gígùn tí wọ́n fi àtọwọ́dá kún máa ń mu omi bí tìmùtìmù, yóò wúwo, yóò sì máa ro omi tútù sí yín lẹ́yìn ọrùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Fìlà wetsuit kò sì ní gbà á. Ẹ di kólésẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ orí, tàbí ṣùkú kékeré tí kò ga. Ẹ fi fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ bò ó, ẹ wá fi ti rọ́bà lé e. Ẹ dán an wò nílé kí ọjọ́ tó pé. Mo ti rí obìnrin tó gé ìdajì irun rẹ̀ sọnù ní ibùdó ní aago méjì òru nítorí pé kò rí ohun mìíràn ṣe sí i, ó dùn mí dọ́kàn.

Irú iná wo ni kí n rà?

Iná orí méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tó lè wọ inú omi ni kẹ́ ẹ rà, pẹ̀lú bátìrì mìíràn, nítorí òtútù máa ń mú kí bátìrì tètè kú. Ẹ ó tún nílò iná kékeré tó ń ṣẹ́jú, tí ẹ ó so mọ́ ẹ̀yìn, kí àwọn tó ń ṣọ́ omi lè rí yín. Ní ọ̀pọ̀ ìdíje, ẹni tí kò bá ní méjèèjì yìí, wọn ò ní jẹ́ kó jáde.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi iná orí bá èèyàn sọ̀rọ̀: ẹ tẹ orí ba, kí iná má baà fọ́ onítọ̀hún lójú. Òru ò mẹni ọ̀wọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí ẹ fọ́ lójú lórí ògiri lè ré bọ́ nítorí yín.

Mi ò mọ̀wẹ̀. Ṣé kí n lọ?

Ẹ lọ kọ́ ìwẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ àwọn èèyàn mi nínú. Ní oṣù kẹrin 2013, ọkùnrin kan bẹ́ sínú omi láti orí pèpéle gíga ní irú ìdíje báyìí ní West Virginia. Wọn ò tètè yọ ọ́, ó sì kú. Ojú ọ̀sán nìyẹn ṣẹlẹ̀.

Kódà ẹni tó mọ̀wẹ̀, omi tútù máa ń jí èémí gbé lẹ́nu rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, àyà á máa já, ẹ ó máa mí gúlegúle. Ẹni tó bá jẹ́ kí orí òun rì ní àsìkò yẹn á fa omi mu. Àjọ RNLI, tó ń gba èèyàn là lójú omi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ń kọ́ni pé kéèyàn má jìjàkadì: kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó léfòó, kó dúró títí èémí á fi padà sípò, kó tó máa lúwẹ̀ẹ́. Mo fi odidi oṣù kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń léfòó nínú omi tútù kí n tó forúkọ sílẹ̀, ẹnì kan sì ń dúró tì mí létí omi ní gbogbo ìgbà. Bí ìdènà omi bá kọjá agbára yín, ẹ yà fún un. Ìjìyà tí wọ́n á fún yín kò ju pé kẹ́ ẹ rìn díẹ̀ sí i.

AS ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi ní mi ò gbọ́dọ̀ gbìyànjú ẹ̀.

Kò sí ìbéèrè tó kàn wá tó èyí. Ní Nàìjíríà, bí èèyàn mẹ́rin bá jókòó pọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ní AS. Bí ẹ ò bá mọ genotype yín, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kankan.

Ẹni tó bá jẹ́ SS, mo bẹ yín, ẹ má lọ. Òtútù, àìmu omi tó àti làálàá ló ń fa crisis, gbogbo wọn ló sì pé sójú kan nínú eré yìí. Ẹ wá bá wa ṣe olùrànlọ́wọ́ ní ibùdó pẹ̀lú aṣọ tó nípọn.

Ti AS yàtọ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 yẹ àkọsílẹ̀ sójà aláwọ̀ dúdú nǹkan bí 48,000 wò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn tó jẹ́ AS kò kú ju àwọn tó kù lọ. Àmọ́ ewu kan fi 54% pọ̀ sí i lára wọn: kí iṣan ara máa bàjẹ́ lẹ́yìn làálàá, kí ìdọ̀tí rẹ̀ sì dà sínú ẹ̀jẹ̀, kó máa yọ kíndìnrín lẹ́nu. Nítorí náà ẹ lè sá a, bí dókítà yín bá ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe tó sì fọwọ́ sí i. Ẹ fi oṣù púpọ̀ múra, ẹ má bá ẹnikẹ́ni díje ní ìyípo àkọ́kọ́, ẹ máa mu omi. Bí iṣan bá ń dùn yín tó sì ń rọ ẹsẹ̀ yín láìdà bí pajápajá, ẹ jókòó, ẹ pe àwọn nọ́ọ̀sì, ẹ sì sọ fún wọn pé AS ni yín. Bí ìtọ̀ yín bá dúdú bíi kóòkì, ilé ìwòsàn ló kàn.

Kí ni kí n jẹ?

Gbogbo wọn ló ń ta gel, ìyẹn ohun dídùn tó ki tí wọ́n ń fà mu, àti àkàrà òyìnbó fún yín. Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ tó bá di aago mẹ́ta òru, ohun dídùn á ti sú ẹnu yín, ohun líle kò sì ní ṣeé jẹ nítorí eyín tó ń lu ara wọn. Ògì ló gbà mí. Àbúrò mi pò ó kó rọ̀ díẹ̀ ju ti ilé lọ, ó bu ṣúgà, mílíìkì àti iyọ̀ ṣíún sí i, ó dà á sínú fláàsì méjì. Ó ń gbéni ró, ó gbóná, kò sì nílò jíjẹ lẹ́nu. Dùndú tó rọ̀ náà dára ní ìyípo kìíní àti ìkejì. Ata rodo inú ọbẹ̀ á mú kí ẹnu yín gbóná, ṣùgbọ́n kò ní mú àyà yín gbóná, nítorí náà ẹ má fi ṣe oògùn òtútù.

Ẹ máa jẹun ní gbogbo ìyípo, kódà bí ebi ò bá pa yín. Omi, ẹ mu ún bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín. Àmujù omi lásán láìsí iyọ̀ náà ti dá èèyàn wó. Kọfí, ẹ tọ́jú rẹ̀ di aago mẹ́ta. Oògùn ara ríro bíi ibuprofen, ẹ má lò ó kẹ́ ẹ tó sá tàbí nígbà tí ẹ ń sá lọ́wọ́: ó ń ni kíndìnrín lára nígbà tí omi ara ti dínkù.

Ta ni kí n mú lọ ṣe olùrànlọ́wọ́?

Ẹni tó lè fi ẹnu líle bá yín sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn yín tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ní kí ẹ máa bọ̀ nílé ní gbàrà tó bá rí i tí ẹ ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe ẹni tó máa tì yín padà sójú ọ̀nà nígbà tí ahọ́n yín ti wúwo. Ẹ jọ jókòó kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ pinnu ohun tó máa mú kí ẹ ṣíwọ́. Ẹ fún un láṣẹ, kí ẹ sì gbà á gbọ́ lóru ọjọ́ náà. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, àmọ́ lóru yẹn, mo gbọ́ràn sí àbúrò mi lẹ́nu.

Ẹ kó ẹrù sí àpò bí ìyípo ṣe tẹ̀ léra, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Ìyẹn á gba òun náà lọ́wọ́ fífi tọ́ọ̀ṣì wá ìbọ̀sẹ̀ nísàlẹ̀ àpò.

Báwo ni mo ṣe máa múra sílẹ̀?

Oṣù mẹ́rin, ó kéré tán, fún ẹni tó bá ti lè sá kìlómítà 10. Ẹ máa sá lóru lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú iná orí, ní ọgbà tí ẹ mọ̀, kẹ́ ẹ mú ẹnì kan dání. Ẹ máa dìrọ̀ mọ́ irin lójoojúmọ́, nítorí ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ gbìyànjú láti dé ìṣẹ́jú kan láìjábọ́, lẹ́yìn náà ẹ fi omi rin ọwọ́ yín, ẹ tún un ṣe. Ẹ dán gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀ àti ohun tí ẹ fẹ́ jẹ wò.

Tí n kò bá lè kọjá ìdènà kan ńkọ́?

Ẹ pe èèyàn. Ní Tough Mudder, kò sí èèwọ̀ nínú kí ẹlòmíràn fi èjìká rẹ̀ gbé yín gun ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ kó rí. Ìdíje mìíràn ní òfin tirẹ̀, ẹ kà á. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ gba ìjìyà, ẹ máa lọ. Ti wáyà iná mànàmáná tí Tough Mudder ń pè ní Electroshock Therapy, ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn tàbí gìrì kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá.

Ìyípo mélòó ni kí n fojú sọ́nà fún?

Mẹ́ta ní wákàtí mẹ́jọ dára fún ìgbà àkọ́kọ́. Mẹ́rin ni mo ṣe. Ìkẹrin yẹn ni mo wà tí ojúmọ́ fi mọ́: àwọn ẹyẹ ti ń ké, mo pa iná orí mi, mo sì rí ojú àwọn tí mo ti ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti òru. Obìnrin arúgbó kan wà nínú wọn tó ti fà mí lọ́wọ́ gun ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mo pè é nínú òkùnkùn.

Kí ni kí n ṣe tó bá parí?

Ẹ bọ́ gbogbo ohun tó tutù kíákíá, ẹ gbẹ ara, ẹ wọ aṣọ gbígbẹ, fìlà ni kó ṣáájú. Ara ṣì lè máa tutù sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti dúró, nítorí náà ẹ jókòó, ẹ mu ohun gbígbóná, ẹ má sáré lọ sábẹ́ omi gbígbóná tí ẹ bá ṣì ń gbọ̀n gan-an. Ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ojú egbò, ẹ sì rí i pé abẹ́rẹ́ tẹ́táńọ́ọ̀sì yín kò tíì pẹ́ jù.

Ẹrẹ̀ ibi tí màlúù ti ń jẹko kì í ṣe ohun tó yẹ kó wọ ẹnu. Ní oṣù kẹwàá 2012, èèyàn 22 ni àrùn Campylobacter mú lẹ́yìn irú eré báyìí ní Nevada, ẹrẹ̀ tó wọ̀ wọ́n lẹ́nu ni wọ́n sì tọ́ka sí. Bí inú bá ń run yín tàbí tí ẹ ń yàgbẹ́ gbuuru ní ọjọ́ méjì sí márùn-ún sí i, ẹ lọ rí dókítà, ẹ sì sọ fún un pé inú ẹrẹ̀ lẹ ti ń bọ̀.

Ẹ má wakọ̀ lọ sílé. Àbúrò mi ló wa tiwa. Mo ní kó dúró níbi ìdúró àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà kí n lè ra tíì. Nígbà tí ó jí mi, ẹnu ọ̀nà ilé mi la wà.